Irin Roboto fún Omi Dúdú

Ọjọ́ tí mo kúrò nílé, orí ọ̀sà ni bàámi wà. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n máa wà, ìdí nìyẹn tí mo fi mú ọjọ́ náà. Ká ní mo dúró kí wọ́n gúnlẹ̀, kí wọ́n na ẹja sí mi bí wọ́n ti máa ń ṣe, kí wọ́n ní, "Gbà, wo eléyìí," n kì bá lọ mọ́. Ojú wọn ni mo ń bẹ̀rù. Mo gbé báàgì mi, mo dì mọ́ màámi, mo sì yọ́ jáde nílé bí ẹni tó jalè.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, apẹja sì ni bàámi. Èmi ni àkọ́bí wọn. Àwọn àbúrò mi ọkùnrin méjèèjì kò fẹ́ràn omi rárá: ọ̀kan ń tún fóònù ṣe, èkejì ń ránṣọ. Èmi obìnrin ni mo mọ bí a ṣe ń so ìwọ̀, èmi ni mo ń tún àwọ̀n ṣe, èmi náà ni mo sì ń wakọ̀ nígbà tí bàámi bá ń ju okùn sómi. Àwọn apẹja yòókù máa ń fi bàámi ṣe yẹ̀yẹ́ ní èbúté pé ọmọge ni atukọ̀ wọn. Bàámi á kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí ẹni tí ọmọkùnrin tirẹ̀ bá mọ ọkọ̀ wà jù mí lọ mú un wá.

Nílé wa, bí ìwọ̀ tuntun bá pa ẹja rẹ̀ àkọ́kọ́, orí ẹja náà di ti ẹni tó ni ọkọ̀. Bàámi ló ń jẹ ẹ́. Wọ́n á jókòó ti àwo, wọ́n á tú u wẹ́wẹ́, ojú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọpọlọ, wọ́n á máa fa eegun rẹ̀ mu, èmi á sì lúgọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn bí ológbò. Mi ò tọ́ ọ wò rí. Mo ti sunkún nítorí rẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, títí ó fi sú èmi fúnra mi. Ohun kan náà ni bàámi máa ń sọ: "Ó dìgbà tí o bá ní ọkọ̀ tìrẹ."

Ọdún méjì àbọ̀ ni mo ti lò ní Dublin, bàámi ò bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń ra káàdì tí a fi ń pe ilé ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí wa ní Finglas. Ara ògiri kíṣìnnì ni fóònù ilé tí mo ń gbé wà. Màámi ló máa ń gbé e lọ́hùn-ún.

"Ẹ kú ilé, Mà. Bàámi ńkọ́?"

"Wọ́n wà, ọmọ mi. Wọ́n ti jáde."

"Ṣé wọ́n wà ni, àbí wọ́n ti jáde?"

Kí màámi tó dáhùn, n ó ti gbọ́ ikọ́ bàámi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀. Mo mọ ikọ́ yẹn. Bí mo bá wà láàárín ẹgbẹ̀rún èèyàn tí wọ́n ń wúkọ́, n ó tọ́ka sí ti bàámi. Agídí tí wọ́n ní yẹn náà ni èmi gan-an bá wá sáyé, nítorí náà mi ò lè bínú sí wọn púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Ìwé tí mo lè fi lọ sílé kí n sì padà wá kò tíì jáde, mi ò lè lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn. Ohùn wọn nìkan ló kù tí mo lè rí gbà, wọn ò sì fún mi.

*

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní Dublin kì í ṣe òtútù. Gbogbo ayé ló ti sọ fún mi nípa òtútù. Ìkíni wọn ni. Wọ́n á bi ọ́ pé ṣé dáadáa lo wà, wọn ò sì ní dúró gbọ́ èsì. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, mo máa ń dúró dá wọn lóhùn. N ó ní ara mi le díẹ̀, ẹ̀yìn ló kàn ń dùn mí. Kí n tó gbójú sókè, ẹni tó kí mi ti wọ bọ́ọ̀sì lọ. Nígbà tó yá ni mo kọ́ pé "grand", ìyẹn "dáadáa ni", ni èsì gbogbo nǹkan. Ara ń ro ọ́? Grand. Òjò pa ọ́ láti òwúrọ̀? Grand. Ilé ń sọ ọ́ débi pé o fẹ́ bú sẹ́kún lórí bọ́ọ̀sì? Grand, kí o sì rẹ́rìn-ín sí i.

Pápákọ̀ òfurufú ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó. Ìgbà náà ni nǹkan ń ṣẹnuure fún wọn ní Ireland. Kò sí ibi tí o máa yíjú sí tí wọn ò ti ń kọ́lé, iṣẹ́ sì pọ̀ bí ilẹ̀. Mo máa ń rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń wọkọ̀ òfurufú lọ sí New York ní ọjọ́ Jímọ̀ nítorí aṣọ àti bàtà, tí wọ́n á sì padà dé ní ọjọ́ Ajé. Èmi tí mò ń nu ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ kọjá, mi ò lè lọ wo bàbá mi. N ó máa wo ẹ̀yìn wọn títí wọ́n á fi wọlé tán, n ó sì gbé igi ìnulẹ̀ mi lọ sí ibòmíràn.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Brendan. Bàbá arúgbó kan ni, ó ń kó kẹ̀kẹ́ ẹrù àwọn arìnrìn-àjò jọ. Ọjọ́ orí rẹ̀ á tó ti bàámi, ṣùgbọ́n ó ní kí n máa pe òun ní Brendan ṣá. Ó pẹ́ kí ẹnu mi tó gbà á.

Ní ọjọ́ kan, mo wọ yàrá tí a ti ń sinmi, mo bá a ní kọ̀rọ̀ kan. Ó tẹrí ba, ó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ pupa kéékèèké sórí okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ sì ń mì. Ayọ̀ kún inú mi. Mi ò tíì rí Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ mi kankan nínú yàrá yẹn rí, ẹ wò ó, bàbá Òyìnbó kan ló ń sín tẹ̀sùbáà! Mo kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Àsàláámù àléíkúmù, Bàbá."

Ó gbójú sókè, ó wò mí. "Grand," ló wí. "And yourself?"

Ìgbà tí mo súnmọ́ ọn ni mo rí i pé ìwọ̀ méjì ló wà ní ìsàlẹ̀ tẹ̀sùbáà náà. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó, torí pé ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Brendan ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ìwọ̀ méjì yẹn tẹ̀lé ara wọn lórí okùn kan, orí méjèèjì ni wọ́n máa ń na ekòló lé kó lè gùn tọ́ọ́rọ́ nínú omi. Òkè wọn ni ìlẹ̀kẹ̀ wà, òkè ìlẹ̀kẹ̀ ni irin pẹlẹbẹ kan wà tí ó máa ń yí bí ọkọ̀ bá ti ń lọ. Irin yẹn ló ń pe ẹja, ìlẹ̀kẹ̀ sì ni kì í jẹ́ kí ó máa há sára ìwọ̀. Ó na okùn àti ìwọ̀ kan sí mi, bóyá ó fẹ́ fi mí ṣeré ni. Ọwọ́ mi ti so ó tán kí n tó ronú kàn án. Ó gba kókó tí mo ta náà, ó fà á, ó tún fà á, kò tú.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Bàbá mi. Apẹja ni wọ́n."

"Á máa fi ẹ́ yangàn o."

Mo ní, "Grand."

*

Maura ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá a wa ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ bó bá lọ pẹja, ṣùgbọ́n orúnkún ti ń yọ obìnrin náà lẹ́nu. Brendan ò lo ẹ́ńjìnnì. Ó ní irú ìpẹja yìí ń fẹ́ kí ọkọ̀ máa rìn pẹ̀lẹ́, àjẹ̀ nìkan ló sì mọ bí a ṣe ń rìn bẹ́ẹ̀. Ó ní ṣé n ó bá òun wà á lọ́jọ́ tí a ò bá ní iṣẹ́, Maura á jókòó sétí omi pẹ̀lú tíì.

Mo sọ fún Bùnmi, ẹni tí a jọ ń gbé. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Swords ló ti ń ṣiṣẹ́, Kìrìsìtẹ́nì onítara sì ni.

"Ha! Àǹtí mi, ẹ̀yin àti òyìnbó nínú canoe? In this cold? Àǹtí, abeg o."

"Ìyàwó ẹ̀ máa wà níbẹ̀."

"Èmi ṣáà máa gbàdúrà fún yín," ló wí. "Ẹ bá mi mú ẹja bọ̀ o."

Ọ̀nà Westmeath, lẹ́yìn ìlú, ni adágún omi tí Brendan ti ń pẹja wà. Mo gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀, ó mì lábẹ́ mi, omijé sì bọ́ lójú mi láìròtẹ́lẹ̀. Mi ò tíì tẹ ohun kankan ní ilẹ̀ yìí tó mọ̀ mí rí. Brendan ṣe bí ẹni tí kò rí mi. Ó ṣí àpótí kékeré kan tí irin pẹlẹbẹ oríṣiríṣi kún inú rẹ̀, gígùn, kúkúrú, ti fàdákà, ti idẹ, ti bàbà, ó ní kí n mú èyí tó wù mí.

Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo mú èyí tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé, tó sì ń dán jù lọ. Bàámi máa ń gé agolo mílíìkì ní irú ìrísí yẹn gẹ́lẹ́, wọ́n á so ó síwájú ìwọ̀ tí a bá fẹ́ pa ẹja kútà, kútà á sì tẹ̀lé dídán rẹ̀ wá. Brendan wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì na okùn sí mi.

Mo gbá àjẹ̀ mú, mo sì wa ọkọ̀ bí ọmọ Ẹ̀pẹ́. Brendan di fìlà rẹ̀ mú. Ó ní kò sí ẹni tó ń lé wa. Mo dẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n tún dẹ̀ ẹ́ sí i. Nígbẹ̀yìn mo ń wà á bí ẹni tó gbé omi sórí tí kò fẹ́ kó dà, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Ẹja kò wo ọ̀dọ̀ mi. Brendan pa méjì, ẹja kúkúrú aláwọ̀ ewé tí ìlà dúdú wà lára wọn. Ó yọ ìkínní lẹ́nu ìwọ̀, ó sì rọra dá a padà sómi. Mo pariwo. Mo rò pé ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, àfi ìgbà tó dá ìkejì náà padà.

"Kí ló dé?"

"Kó lè dàgbà."

"Ó ti dàgbà!"

Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Títí a fi délé ni mo ń rò ó pé bí ẹnìkan bá ṣe irú èyí ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n á pe àwọn ẹbí rẹ̀ jọ.

*

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo sọ fún màámi pé mo lọ pẹja.

"Pẹja kẹ̀? Níbo?"

"Nínú omi wọn níbí, Mà. Mi ò rí nǹkan kan pa. Mo so irin gígùn tó ń dán mọ́ ọn, bíi ti agolo mílíìkì yẹn, ẹja kankan ò wò ó."

Mo gbọ́ tí àga kan han lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn kan, ó jìnnà sí fóònù, ó sì le: "Bi í pé kí ni àwọ̀ omi náà."

Ohùn bàámi ni. Mo fara ti ògiri.

"Wọ́n ní kí ni àwọ̀ omi náà," ni màámi wí.

"Ó dúdú, Mà. Bíi tíì tí kò ní mílíìkì."

"Ó ní ó dúdú."

Bàámi pòṣé. "Ṣé kútà ló wà nínú omi yẹn ni? Inú omi dúdú, ta ló fẹ́ rí dídán? Bi í bó ṣe ń wakọ̀."

"Wọ́n ní báwo lo..."

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, Mà. Pẹ̀lẹ́ gan-an."

"Ó ní pẹ̀lẹ́ ni."

"Ìgbà wo ni irin gígùn fẹ́ yí nígbà náà? Á kàn máa wọ́ tẹ̀lé ọkọ̀ ni. Ní kó wá èyí tó rí roboto, tó fẹ̀, tí omi á rí gbá mú. Bó bá rọra rìn, irin á ṣì máa lu omi. Ẹja tí kò ríran á gbọ́ ọ lára."

"Wọ́n ní kí o wá..."

"Mo gbọ́, Mà." Mo ti ń sunkún. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù fún wọn."

Mo gbọ́ ilẹ̀kùn tó pa dé. "Wọ́n ti jáde," ni màámi sọ, òótọ́ sì ni lọ́tẹ̀ yìí.

*

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ṣé ara mi ti mọlé. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n rẹ̀. Mo ti mọ nọ́ńbà gbogbo bọ́ọ̀sì. Kọ́bọ́ọ̀dù ti di "press" lẹ́nu mi, kọ́bọ́ọ̀dù tí táńkì omi gbígbóná wà nínú rẹ̀, tí a ń sá aṣọ sí, ti di "hot press". Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ jí láàárọ̀ tí mo ní nǹkan kan tí mò ń kánjú bá ní Dublin, bàámi ló sì gbé e fún mi láti Ẹ̀pẹ́, láìfọwọ́kan fóònù.

Nínú àpótí Brendan, mo ṣa irin kan tó rí roboto. Bàbà ni, kò fi bẹ́ẹ̀ dán, ó fẹ̀ ju ìdérí ìgò lọ díẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa Brendan ti tán. Mo délé, mo já méjì lára ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tí màámi sín fún mi, mo fi kún un. Nígbà tí Brendan béèrè ibi tí mo ti rí ìlẹ̀kẹ̀ tó dára tó báyìí, mo ní ilé ni. Mi ò purọ́.

A padà sómi. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bọ́ bàtà, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo sì fi okùn kọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi, bí mo ti ń ṣe é nígbà tí mo bá ń wakọ̀ fún bàámi. Brendan ní òtútù máa pa mí. Mi ò dá a lóhùn. Bí mo ti rọra gbá omi, irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í lù sí mi lẹ́sẹ̀: gbì, gbì, gbì. Ní ìjọsí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Báyìí, ó ń lù bí ọkàn ọmọ ìkókó.

A yí adágún náà po lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kejì ni lílù náà dáwọ́ dúró lójijì, okùn sì fẹ́ já àtàǹpàkò mi lọ.

Ẹja trout ni. Ó gùn tó láti ìgúnpá mi dé ọmọ ìka, àmì pupa wà lára rẹ̀ káàkiri. Brendan fi àwọ̀n gbé e, ó pariwo débi pé Maura dìde létí omi. Lẹ́yìn náà ó yọ ìwọ̀, ó sì tẹ̀ síhà omi.

"Rárá," ni mo wí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Jọ̀ọ́."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìwọ̀ tuntun, orí ẹja àkọ́kọ́, bí mo ṣe yọ́ jáde nílé, ọdún méjì àbọ̀. Mo ní, "Ìwọ lo ni ọkọ̀. Nílé wa, tìrẹ ni orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mò ń bẹ̀ ọ́, jẹ́ kí n fi í pamọ́ de bàbá mi."

Ó wo ẹja náà. Ó ní láti ìgbà tí òun ti wà ní ọ̀dọ́, òun ò pa ọ̀kan nínú omi yìí kóun gbé e lọ rí. "Ṣé á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀."

Ó ṣí fìlà. "Èmi kàn jókòó sínú rẹ̀ ni," ló wí. "Ìwọ lo wà á. Ọkọ̀ tìrẹ ni lónìí."

*

Bùnmi fi ara ẹja náà se ọbẹ̀ ata, ó ní àdúrà òun ló gbà. Orí rẹ̀ ni mi ò jẹ́ kó fọwọ́ kàn. Mo yan án sínú ààrò lórí iná kékeré títí ó fi gbẹ, mo fi bébà wé e, mo sì fi í pamọ́ síbi tó gbẹ tó sì móoru jù nínú ilé náà, ìyẹn inú hot press. Mi ò rántí pé aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì Bùnmi wà níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo gbọ́ igbe rẹ̀. "Àǹtí! My white blouse! Gbogbo ẹ̀ ń rùn ẹja! How I wan take enter church?"

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó fi lọ́fínńdà wẹ̀ kó tó jáde, ó ní kí n mọ̀ pé bí wọ́n bá lé òun ní ìlà akọrin, orí ẹja ló fà á.

Lọ́sàn-án mo pe ilé. Mo ti pa ẹja, mo wí fún màámi, irin roboto ni, irin bàbà, trout ńlá ni. Màámi hó ìhó ayọ̀. Lẹ́yìn náà nǹkan gbo fóònù, mo gbọ́ ikọ́ kan. Kò jìnnà. Inú etí mi gan-an ló wà.

"Orí ẹ̀ ńkọ́?" ni bàámi wí.

Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnnì, okùn fóònù nà tantan.

"Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Orí ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà, Bàámi. Mo fi pamọ́ dè yín. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú. Ẹ̀rù ló bà mí. Mi ò lè..."

"Ọkọ̀ ta lo fi pa á?"

"Ti bàbá Òyìnbó kan ni. Ṣùgbọ́n ó ní tèmi ni lọ́jọ́ náà, torí èmi ni mo wà á."

Wọ́n wúkọ́. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. "Òótọ́ ló sọ," ni wọ́n wí nígbà tó yá. "Lọ gbé e wá. Jẹ ẹ́, kí n gbọ́."

Mo fi fóònù sílẹ̀ lórí àga, mo sáré lọ sí hot press, mo sáré padà. Mo tú bébà náà. Mo jókòó sílẹ̀, mo fi èjìká di fóònù mọ́ etí, mo sì ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja náà. Ó le, ó tutù, iyọ̀ omijé mi ti bá a. Eegun rẹ̀ ń fọ́ lẹ́nu mi.

"Ojú ẹ̀ ńkọ́?"

"Mò ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́, sà."

"Má kánjú. Fa eegun ẹ̀ mu dáadáa."

Ìgbà yẹn ni ohùn obìnrin inú káàdì tí mo fi pe ilé já lu ọ̀rọ̀ wa bó ti máa ń ṣe, ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ìṣẹ́jú kan ló kù.

"Ta nìyẹn?" ni bàámi béèrè.

"Obìnrin tó ń ṣọ́ fóònù ni, sà. Ó ní àkókò wa ti fẹ́ tán."

"Sọ fún un kó dúró," ni bàámi wí. "Ọmọ mi ń jẹun lọ́wọ́."